Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Wa Lóru: Ìtàn Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Àwọn Máígádì Wa

Àdàkọ ohùn láti ẹnu Ìyá wa Akápò. Ohùn mẹ́fà ni wọ́n fi ránṣẹ́. A so wọ́n pọ̀ síbí fún àwọn tí dátà wọn ò tó láti gbọ́ gbogbo ẹ̀.

OHÙN KÌÍNÍ

Mo kí ẹ̀yin bàbá wa ní Enugu Road, mo kí ẹ̀yin ìyá wa ní New Road, mo kí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń bá wa jókòó ní ìsọ̀, títí dórí àwọn tí òwò ti gbé kúrò ní Kano ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì kúrò nínú gúrúùpù. Èmi ìyá yín Akápò ni. Èmi ni ọ̀rọ̀ ìtàn kàn lọ́sẹ̀ yìí. Ìtàn òwò obì ni mo ti ń palẹ̀ mọ́ láti sọ, àmọ́ ohun tí mo rí nínú gúrúùpù yìí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ò jẹ́ kí n lè sọ ọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí obì dúró ná.

Ẹnì kan gbé e síbí pé àwọn máígádì ìlà ìsọ̀ wa ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé àwọn fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí owó oṣù máa wọlé lásìkò. Wọ́n ní kí àwọn ní ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ rí ẹni tọ́jú ẹ̀. Nǹkan mẹ́ta, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan ti dá wọn lóhùn: "Máígádì wo ló ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀? Ẹ lé wọn, ẹ gba òmíràn, wọ́n pọ̀ nílẹ̀." Mo ka àwòrán ẹ̀rín tó tẹ̀ lé e. Mo kà á dé mẹ́tàdínlógún, mi ò kà mọ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ lóru ọjọ́ yẹn mo jí, mo gbọ́ fèrè lójú títì bí wọ́n ṣe máa ń fọn ọ́n láti ìkángun kan dé ìkángun kejì. Bí mo ṣe gbọ́ fèrè yẹn, ọkàn mi balẹ̀, mo yíjú sí ògiri, oorun gbé mi lọ. Ìgbà tílẹ̀ mọ́ ni mo tó rò ó pé: ẹni tí mo fi rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án ló jẹ́ kí n sùn lóru. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a jọ wo ìtàn náà. Ta ló kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ wa, kí ni ojú wọn rí, kí sì ni òfin sọ nípa ẹni tó ń ṣọ́ ilé àti ọjà? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

OHÙN KEJÌ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwọn kan nínú wa rò pé iṣẹ́ olùṣọ́ àti ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ò bára mu, pé ẹgbẹ́ wà fún tísà, fún àwọn nọ́ọ̀sì, fún àwọn onímọ́tò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ láyé àwọn bàbá wa. Ta ló ń ṣọ́ ìlú láyé ìgbà yẹn? Ọdẹ ni. Ọdẹ kì í sì í dá wà. Wọ́n ní Olúọ́dẹ tí í ṣe olórí wọn, wọ́n ní ìpàdé, wọ́n ní owó tí wọ́n ń dá, wọ́n ní òfin tí ọdẹ kan ò gbọdọ̀ rú. Bí ọdẹ bá kú, ẹgbẹ́ ló ń ṣe ìṣípà fún un, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, wọ́n á bá àwọn tó fi sílẹ̀ dá sí ìnáwó. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ pàápàá, àwọn Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n jẹ́ àádọ́rin (70), mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n tò wọ́n sábẹ́ Ọ̀yọ́mèsì méje. Wọ́n mọ iye ara wọn, wọ́n mọ ipò ara wọn. Torí náà, ẹni tó bá sọ pé olùṣọ́ tó fẹ́ ní ẹgbẹ́ ti gbé àṣàkaṣà dé, kò tíì bi bàbá ẹ̀ léèrè ni.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni orúkọ náà fúnra ẹ̀. Máígádì. Èdè Hausa ni. "Mai" ni oní, "gadi" sì ni gáàdì tí wọ́n yá lọ́dọ̀ Òyìnbó. Ọ̀pọ̀ wa la bí ní Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀ffà, orúkọ yìí náà la fi ń pe ẹni tó ń ṣọ́ ilé níbẹ̀. Kí ló dé? Torí pé ọ̀pọ̀ wọn láti òkè ọya ni wọ́n ti wá. Wọ́n kúrò nílé wọn, wọ́n wá ń ṣọ́ ilé tiwa. Àdúgbò tí wọ́n fún wọn n'Ìbàdàn lọ́dún 1916, Sábó là ń pè é. Sábó yẹn, Sabon Gari náà ni, ìlú tuntun. Ẹ ò rí i bí? Àwọn ni àlejò ní Sábó tiwa, àwa ni àlejò ní Sabon Gari tiwọn. Ẹni tó bá mọ bí àlejò ṣe ń jẹ́, kò yẹ kó ní ká kọ́ òun.

OHÙN KẸTA

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sí Kano. Ojú irin dé Kano lọ́dún 1911. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n pín ilẹ̀ Sabon Gari fún àwọn tó wá láti ìsàlẹ̀: akọ̀wé ìjọba, òṣìṣẹ́ reluwé, oníṣòwò. Bí ẹ bá rí Yorùbá tó pẹ́ ní Kano, ẹ tú ìdí ẹ̀ wò, ẹ máa bá reluwé níbẹ̀. Bàbá tó bí mi lọ́mọ, òṣìṣẹ́ reluwé ni. Mo ti mọ orúkọ Imoudu kí n tó mọ orúkọ gómìnà kankan. "Number One" ni bàbá mi máa ń pè é, bí gbogbo òṣìṣẹ́ ìgbà náà ṣe ń pè é.

Michael Imoudu, ọmọ Ọ̀rà ní apá Ẹdó. Òṣìṣẹ́ reluwé ni lẹ́bàá Èkó, ní Ebute Metta. Òfin tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láyè láti forúkọ sílẹ̀, ọdún 1938 ni ìjọba Òyìnbó ṣe é, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1939. Ọdún yẹn náà ni ogun Hitler bẹ̀rẹ̀. Ogun gbé ọjà wọ́n. Ohun tí wọ́n ń rà ní tọ́rọ́ di sísì, owó iṣẹ́ sì dúró sójú kan. Imoudu kó àwọn òṣìṣẹ́ reluwé jọ, ó ń bèèrè. Ní 1943 wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì dè é mọ́ Auchi kó má bàa lè dé Èkó. 1945 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, àwọn èrò tó lọ pàdé ẹ̀ nígbà tó wọ Èkó ò lóǹkà. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni ìyanṣẹ́lódì ńlá bẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́tàdínlógún ló pawọ́ pọ̀, òṣìṣẹ́ tó lé ní 30,000, wọ́n sì dúró ju oṣù kan lọ. Reluwé dúró, pósítọ́fíìsì dúró. Nígbà tó yá, ìjọba yan ìgbìmọ̀ Tudor Davies láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ìgbìmọ̀ yẹn ló sì ní kí wọ́n fi ìdajì lé owó àjẹmọ́nú tí wọ́n ń san fún ìnira ìgbà ogun.

Ẹ wo ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀. Kì í ṣe reluwé nìkan ló jẹ ẹ́. Akọ̀wé jẹ ẹ́, alágbàṣe tó ń gba owó lójoojúmọ́ jẹ ẹ́. Ẹni tí bàbá ẹ̀ ra ilẹ̀ ní Sabon Gari lẹ́yìn ogun, kó rántí pé kì í ṣe owó tí Òyìnbó fẹ́ fúnra ẹ̀ fún bàbá ẹ̀ nìyẹn.

Ó kù síbì kan, torí orúkọ títì wa. Ojoojúmọ́ là ń pe Enugu Road, ẹni mélòó nínú wa ló ti rò nípa Enugu fúnra ẹ̀? Orí òkè ni ìtumọ̀ ẹ̀ lédè Igbo. Èédú ni wọ́n rí nínú ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́dún 1909, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa á ní 1915, ọdún kejì ni ojú irin so ó mọ́ Port Harcourt. Èédú Enugu ló ń wa ọkọ̀ ojú irin wa. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn awakùsà ń bèèrè owó tí wọ́n ní ìjọba jẹ àwọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ falẹ̀. Ìjọba ń bẹ̀rù pé wọ́n lè fi ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta dá rògbòdìyàn sílẹ̀, wọ́n rán ọlọ́pàá pé kí wọ́n lọ kó ẹ̀tù náà kúrò ní Iva Valley. Ọjọ́ 18 oṣù náà, ọ̀gá ọlọ́pàá tó jẹ́ Òyìnbó ní kí wọ́n yìnbọn. Awakùsà 21 kú. Àwọn tó farapa lé ní 50. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ ìkankan nínú wọn.

Nígbà tí ìròyìn yẹn dé Èkó, àwọn olóṣèlú tí wọn ò jọ jókòó tẹ́lẹ̀, tí Yorùbá tí Igbo, jọ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti jà fún wọn. Dókítà Akinọla Maja ni wọ́n fi ṣe alága. Ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ló kó wọn jọ sójú kan. Torí náà, bí ẹ bá tún ń kọ Enugu Road sórí rìsíìtì yín, ẹ rántí pé ìlú táwọn òṣìṣẹ́ ti kú nítorí owó iṣẹ́ la fi sọ títì yìí.

OHÙN KẸRIN

Ẹ máa bá mi bọ̀. Ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ síbí pé òfin ò gba ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ààbò láyè láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, pé bí ọlọ́pàá ò bá ní, báwo ni máígádì ṣe máa ní? Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Mo wádìí ẹ̀.

Òótọ́ ni pé òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, èyí tó ti wà láti 1973, kò gba sójà, ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù, àwọn tó ń ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtàwọn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ láyè. Ibo la ti kọ́ ọ? Lọ́dọ̀ Òyìnbó náà ni. Ní ìparí oṣù Kẹjọ 1918, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tí kò tó jẹ àti ẹgbẹ́ tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n ní. Ẹ̀rù ba ìjọba, wọ́n fowó kún un kíákíá. Nígbà tó di 1919, ìjọba ṣe òfin pé ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ ní yúníọ̀nù mọ́. Àwọn kan tún dáṣẹ́ sílẹ̀, àgàgà ní Liverpool, ìjọba sì lé gbogbo wọn, ó lé ní 2,000, ìkankan ò padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2002, ọlọ́pàá Nàìjíríà dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Ìjọba pè é ní ọ̀tẹ̀.

Kí ló wà nídìí òfin yẹn? Ìbọn ni. Ìjọba ò fẹ́ kí ẹni tó gbé ìbọn lọ́wọ́ wá máa fi ìyanṣẹ́lódì halẹ̀ mọ́ ìlú. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ìbọn ni. Nígbà tí òfin náà wá ka orúkọ àwọn ọ́fíìsì ìjọba tó kù, ohun tó wí ni pé àwọn tí òṣìṣẹ́ wọn láṣẹ láti gbé ohun ìjà.

Ó yá, máígádì wa ńkọ́? Òfin tó ń ṣe àkóso iléeṣẹ́ olùṣọ́ aládàáni, ọdún 1986 ló jáde, àwọn Sífù Dìfẹ́ǹsì ló sì ń mójú tó o báyìí. Òfin yẹn sọ ọ́ gbangba pé olùṣọ́ aládàáni ò gbọdọ̀ gbé ìbọn. Kí ló wà lọ́wọ́ wọn? Igi, tọ́ọ̀ṣì, fèrè. Ẹ wá gbé e wò. Òfin gba ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní kó fi igi dojú kọ olè. Ṣé òfin tún máa wá fi ọ̀rọ̀ ìbọn tí kò ní gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Rárá o. Òfin ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ìlú wa ti 1999, ẹsẹ̀ 40, fún gbogbo ènìyàn láyè láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó máa dáàbò bo ire ẹ̀. Òfin iṣẹ́ náà ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lé òṣìṣẹ́ nítorí pé ó wọ ẹgbẹ́. Torí náà, ẹni tó ní "ẹ lé wọn" yẹn, ọmọ mi, mo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ lo ń ṣe. Má ṣe é lójú lọ́yà.

OHÙN KARÙN-ÚN

Kí ló wá dé tí ẹgbẹ́ àwọn olùṣọ́ ò fi gbilẹ̀ bíi ti tísà? Iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ ló fà á. Awakùsà, ihò kan náà ni gbogbo wọn jọ ń wọ̀. Òṣìṣẹ́ reluwé, gáréèjì kan náà ni. Máígádì ńkọ́? Ẹnì kan níwájú géètì kan, òun nìkan, lóru. Ìgbà tí gbogbo ayé ń ṣèpàdé ló ń sùn. Ìgbà tó bá jí, gbogbo ayé ti sùn. Bí ogún bá wà lójú títì kan, wọ́n lè ní ọ̀gá mẹ́wàá. Bí iléeṣẹ́ kan bá gbà á tó tún wá gbé e fún wa, a ò mọ ẹni tó máa bi: iléeṣẹ́ á ní àwa la ò tíì san owó, àwa á ní a ti san fún iléeṣẹ́. Àárín méjèèjì ni owó oṣù máa ń há sí.

Àwọn tó ṣe é yọrí níbòmíràn, ìdè yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ tú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn olùṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, àlejò ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ibẹ̀. Iléeṣẹ́ mìíràn ló ń sanwó fún wọn, kì í ṣe yunifásítì. Wọ́n wọ ẹgbẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní IWGB, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní 2017, wọ́n ní yunifásítì tí àwọn ń ṣọ́ gan-an ni kó gba àwọn síṣẹ́. Nígbà tó di 2020, ó gbà wọ́n. Wọn ò ju òkúta. Ìlù ni wọ́n ń lù níwájú géètì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò dára náà, torí ẹni tó ń pìtàn ò gbọdọ̀ fi abala kan pamọ́. Ní South Africa lọ́dún 2006, àwọn olùṣọ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Àwọn kan ń lépa àwọn tó ṣì ń lọ síṣẹ́. Ẹ̀mí tó sọnù lé ní 50, àwọn olùṣọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Owó kún, àmọ́ ta ló fẹ́ ra owó níye yẹn? Tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn olùṣọ́ wa bá ń gbọ́ ohùn yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ mú ti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ fi èyí tọ̀hún sílẹ̀.

Nílé, ẹ rántí pé ní 1978, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún ni wọ́n dà pọ̀ di 42, tí wọ́n sì dá NLC sílẹ̀. Ta ni ààrẹ àkọ́kọ́? Hassan Sunmonu, ọmọ Òṣogbo. Ibo ni wọ́n bí i sí? Ghana. Ọmọ ará òkè òkun ni, bíi àwọn ọmọ tiwa tí a ń bí sí Kano yìí. Òun ló ṣáájú ìyanṣẹ́lódì oṣù Karùn-ún 1981 tí owó iṣẹ́ tó kéré jù fi di ₦125 lóṣù. Ọmọ àlejò lè jẹ́ ẹni tí gbogbo òṣìṣẹ́ ilẹ̀ yìí máa tẹ̀ lé.

OHÙN KẸFÀ

Èyí ló kẹ́yìn, òun ló sì ṣòro fún mi jù láti sọ.

Ẹ ò tíì gbàgbé alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Keje 2013 tí bọ́ǹbù dún ní Sabon Gari. Ọ̀pọ̀ nínú wa sin ẹni. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ìlà ìsọ̀ tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó sẹ́kúrítì, tí ẹ fi mí ṣe akápò. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà òjò, àwọn olè gba orí páànù wọlé. Olùṣọ́ wa fọn fèrè, ó pariwo, ó sì dúró. Wọ́n fi irin ṣẹ́ ẹ lápá. Àmọ́ ẹ máa rántí pé ìsọ̀ kankan ò ṣí lọ́jọ́ yẹn. Ìsọ̀ tèmi ni wọ́n ti fẹ́ wọ̀.

Ó wá bá mi pẹ̀lú apá tí wọ́n so kọ́rùn. Owó wà lọ́wọ́ mi. Mo bi àwọn àgbà ìlà, wọ́n ní owó oṣù la dá, a ò dá owó ọsibítù. Èmi náà ò jiyàn. Mo fún un ní ìwọ̀nba láti àpò ara mi, mo sì rò pé mo ti ṣe dáadáa. Nígbà tí oṣù parí, mo yọ ọjọ́ mọ́kànlá tí kò fi wá síṣẹ́ kúrò nínú owó ẹ̀. Ó kà á, kò sọ nǹkan kan. Ó kí mi, "Mama, sai an jima." Kò padà wá. Mo gbọ́ pé ó ti lọ sí abúlé ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí tí mo ń wádìí ìtàn yìí ni mo rí i nínú òfin iṣẹ́ pé òṣìṣẹ́ tó ń ṣàìsàn, tí dókítà sì jẹ́rìí sí i, ó ní ẹ̀tọ́ sí owó ẹ̀ fún ọjọ́ méjìlá lọ́dún. Méjìlá. Mọ́kànlá ni mo yọ. Ẹ má bínú, mo ní láti dúró díẹ̀.

[Ohùn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan.]

Ká ní wọ́n ní ẹgbẹ́ nígbà yẹn, ẹnì kan ì bá ti ka òfin yẹn sí mi létí. Kì í ṣe pé ìkà ni mí. Mi ò mọ̀ ni, òun náà ò mọ̀, kò sì sí ẹnì kẹta tó mọ̀ láàárín wa. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìyẹn: ẹnì kẹta tó mọ ohun tó tọ́, tí kò bẹ̀rù láti sọ ọ́.

Àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ará ilé wa ni àwọn wọ̀nyí. Olùṣọ́ tí ebi ń pa, tí wọ́n jẹ lówó oṣù méjì, ẹ máa rò ó wò: ta ló kọ́kọ́ máa mọ ibi tí páànù wa ti jò?

Ohun tí mo dábàá nìyí, kí ẹ jíròrò ẹ̀ ní ìpàdé. Kìíní, kí a kọ ìwé àdéhùn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Òfin ní kò gbọdọ̀ kọjá oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èkejì, ọjọ́ ìsinmi kan nínú méje, wákàtí 24 gbáko, òfin ni. Kí wọ́n máa pín in yípo, ìlà ò ní ṣófo. Ẹ̀kẹta, bí ọdún kan bá pé, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́fà ìsinmi pẹ̀lú owó. Ẹ̀kẹrin, owó ìfarapa: òfin 2010 ní kí agbaniṣíṣẹ́ máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù fún NSITF, kì í ṣe láti inú owó òṣìṣẹ́. Ìkarùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe halẹ̀ mọ́ wọn nítorí ẹgbẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ nípa owó oṣù. Wọ́n á ní ₦70,000 tí ìjọba kéde ní 2024 ò kàn wá, torí òfin yọ ẹni tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò tó 25 sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí òfin ti dákẹ́, ẹ̀rí ọkàn ò gbọdọ̀ dákẹ́. Ìrẹsì tí a ń rà ni àwọn náà ń rà.

Ẹ̀yin olùṣọ́ wa, torí mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wa máa túmọ̀ eléyìí fún yín ní Hausa: ẹ má kàn jí lọ́jọ́ kan kí ẹ ní ẹ ti di yúníọ̀nù tí ẹ ń gba owó. Òfin ní kí ẹgbẹ́ forúkọ sílẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Ó kéré tán, ènìyàn 50 ni, ìjọba kì í sì í fẹ́ forúkọ òmíràn sílẹ̀ níbi tí ẹgbẹ́ kan bá ti wà fún iṣẹ́ náà. Ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ lọ bá NLC ní Kano, kí wọ́n fi yín mọ ẹgbẹ́ tó yẹ kí ẹ wọ̀. Ní báyìí ná, ẹ máa dá àjọ, ẹ máa kọ orúkọ ara yín sílẹ̀, ẹ máa kọ ọjọ́ tí wọ́n sanwó àti ọjọ́ tí wọn ò san. Ìwé yẹn ló máa gbèjà yín.

Ní tèmi, mo ti ní kí ẹnì kan bá mi wá abúlé arákùnrin náà. Owó ọjọ́ mọ́kànlá ẹ̀ wà nínú ápólọ́ọ̀pù lórí tábìlì mi. Mo mọ̀ pé kò ra nǹkan kan mọ́ nísinsìnyí. Màá fi kún un.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn ránṣẹ́, kó má tẹ àwòrán ẹ̀rín sí i. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọlọ́run á fi ìbùkún sí ọjà wa, á dá wa padà sílé láyọ̀.